Òjò Iléṣà àti Òjò Ilé-Ifẹ̀: Ìdí Tí Òṣùwọ̀n Méjì Kò Fi Bára Mu Láti Oṣù Kẹsàn-án

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá mi. Ilé-Ifẹ̀ ni mò ń gbé, lápá Lágéré. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Iléṣà, kò jìnnà sí Ọjà Atakúnmọ́sà. Irú òṣùwọ̀n òjò àti tẹmọ́mítà kan náà ni a jọ rà, a sì máa ń fi iye tí a bá kà ránṣẹ́ sí ara wa. Ní oṣù kẹjọ, iye wa máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kò sì ju òjò wẹliwẹli lọ. Bí oṣù kẹsàn-án bá ti wọlé, nǹkan á yí padà: òjò kan lè rọ̀ tó mílímítà 38 lọ́dọ̀ wọn kí tèmi má ju 5 lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní òjò fẹ́ràn Iléṣà ni, wọ́n sì tún ní Iléṣà fi ìwọ̀n mẹ́ta tutù ju Ifẹ̀ lọ. Ṣé òótọ́ ni? Kí ló sì dé tí àrá kì í fi í sán púpọ̀ ní oṣù kẹjọ, nígbà tí ojú ọ̀run ń ṣú lójoojúmọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ tiyín náà. Ohun tí ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín ń ṣe wù mí púpọ̀, nítorí pé òṣùwọ̀n méjì tí èèyàn ń kà déédéé ní ìlú méjì tó súnmọ́ra lè kọ́ wa ní ohun tí kò sí lórí fóònù ẹnikẹ́ni. Èsì mi ní ṣókí ni pé òjò oṣù kẹjọ àti òjò oṣù kẹsàn-án kì í ṣe irú kan náà. Ti oṣù kẹjọ máa ń tẹ́ rẹrẹ lórí ilẹ̀ tó gbòòrò, nítorí náà ó máa ń kan ìlú méjèèjì bákan náà, tó bá tilẹ̀ rọ̀ rárá. Ti oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá máa ń gun ìjì wá, ìjì náà sì ní ojú ọ̀nà tirẹ̀. Tí ẹ bá mú òjò kan ṣoṣo nínú oṣù kẹsàn-án tí ẹ fi ti Iléṣà wé ti Ifẹ̀, kì í ṣe ìlú méjì lẹ ń fi wéra, ibi tí ìjì kan gbà kọjá lẹ ń wò.

Ẹ jẹ́ kí n mú oṣù kẹjọ ṣáájú. Afẹ́fẹ́ méjì ló ń pín ojú ọ̀run Nàìjíríà láàárín ọdún. Ọ̀kan ń ti orí òkun Àtìláńtíìkì wá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ó sì kún fún ọ̀rinrin. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá láti àríwá ìlà-oòrùn, òun ló ń mú ọyẹ́ wá. Ìlà tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé lórí ilẹ̀ máa ń tẹ̀ lé oòrùn. Ní oṣù kìíní, ó máa ń sọ̀kalẹ̀ wá sí tòsí etí òkun. Ní oṣù kẹjọ, ó máa ń gòkè dé nǹkan bí ìwọ̀n 20 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, ó kọjá Katsina àti Sókótó wọ inú aṣálẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé orí ìlà yẹn gan-an ni òjò ti máa ń pọ̀ jù, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ òkun tó dé ibẹ̀ fẹ́lẹ́ jù, kò lè gbé ìkúùkù ńlá ró. Ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún kìlómítà sí gúúsù ìlà náà ni òjò ńlá ti ń rọ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ olómi ti nípọn tó. Ní oṣù kẹfà, orí wa níbí ni agbègbè òjò ńlá yẹn máa ń wà. Tó bá fi máa di oṣù kẹjọ, ó ti ré wa kọjá lọ sí àríwá, ìdí sì nìyẹn tí oṣù kẹjọ fi jẹ́ oṣù tí òjò pọ̀ jù ní Kánò, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wa ló ti ń dá díẹ̀díẹ̀, tí àwọn èèyàn fi ń pè é ní August break.

Òkun náà tún dá sí i. Láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, omi tútù máa ń ti ìsàlẹ̀ òkun gòkè wá sójú ní etíkun Gánà àti ti Côte d'Ivoire. Afẹ́fẹ́ tó bá gba orí omi yẹn kọjá máa ń tutù nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ tó tutù nísàlẹ̀ sì máa ń wúwo, kì í fẹ́ gòkè. Nígbà tó bá wọ orí ilẹ̀, ìkúùkù tó máa ń di kì í ga, ńṣe ló máa ń tẹ́ bo ojú ọ̀run láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ìkúùkù yìí ti gba àfiyèsí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ gidi: ní oṣù kẹfà àti oṣù keje ọdún 2016, nínú iṣẹ́ ìwádìí ńlá kan tí wọ́n pè ní DACCIWA, Ilé-Ifẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú ibùdó mẹ́ta pàtàkì tí wọ́n ti ń wọn ojú ọ̀run láti orí ilẹ̀, àwọn méjì yòókù sì ni Kumasi ní Gánà àti Savè ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kópa nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí bá ohun tí ẹ̀yin fúnra yín lè rí láti ẹnu ọ̀nà ilé yín mu: lóru ni afẹ́fẹ́ tútù láti òkun máa ń yára wọlé, ìkúùkù á di kí ilẹ̀ tó mọ́, á wà nílẹ̀lẹ̀, ní ìwọ̀n ọgọ́rùn-ún mítà mélòó kan péré sókè, kì í sì í fọ́n ká títí oòrùn fi máa wà ní àárín ọ̀run tàbí kó tilẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀.

Ibí yìí ni èsì ìbéèrè yín nípa àrá wà. Kí àrá tó lè sán, ìkúùkù gbọ́dọ̀ ga kọjá ibi tí omi ti ń di yìnyín, èyí tó tó nǹkan bí kìlómítà márùn-ún sókè lórí ilẹ̀ wa. Níbẹ̀ ni ègé yìnyín kéékèèké àti yìnyín rírọ̀ ti máa ń gbá ara wọn, tí iná mànàmáná fi máa ń pínyà nínú ìkúùkù, apá kan á gba irú kan, apá kejì á gba irú kejì, títí wọ́n á fi bú jáde. Ìkúùkù oṣù kẹjọ kì í sábà ga dé ìdajì ọ̀nà yẹn. Omi ló kún inú rẹ̀, kò sí yìnyín, nítorí náà ó lè ṣú láti àárọ̀ dalẹ́, kó máa ta omi winniwinni sílẹ̀, kí ẹ má sì gbọ́ kíkù kankan.

Ìkúùkù kan náà ló ń mú kí ọ̀sán tutù. Ní oṣù kejì àti ìkẹta, ọ̀sán Ifẹ̀ sábà máa ń ga ju 33°C lọ. Ní oṣù kẹjọ, 27 tàbí 28 ló máa ń jẹ́, ọjọ́ mìíràn kò sì ní dé ibẹ̀. Òru ní tirẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ tutù, ó máa ń wà ní 21 tàbí 22, nítorí pé ìkúùkù tó dí oòrùn lọ́nà lọ́sàn-án náà ló ń dí ooru ilẹ̀ lọ́nà lóru. Ẹ ó rí i nínú ìwé yín pé ìyàtọ̀ láàárín ọ̀sán àti òru kéré gan-an ní oṣù yẹn.

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ díẹ̀ níbí, nítorí pé wọ́n ni ìsinmi òjò yìí kàn jù lọ. Òun ni wọ́n ń retí kí wọ́n tó gbin àgbàdo ẹ̀ẹ̀kejì, kí ilẹ̀ lè ṣeé ro, kí irúgbìn sì lè bá òjò oṣù kẹsàn-án pàdé. Fún àwọn olóko kòkó ní Ìfẹ̀wàrà àti Òṣú, oṣù kẹjọ tí kò dá, tí ó kàn ń rin ilẹ̀ tí oòrùn kò sì ràn, ni àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú máa ń fẹ́ràn. Gígùn ìsinmi náà kì í dọ́gba lọ́dọọdún. Àjọ tó ń rí sí Ojú Ọjọ́ ní Nàìjíríà, NiMet, máa ń fi àsọtẹ́lẹ̀ tirẹ̀ kún ìkéde ojú ọjọ́ tó ń gbé jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Nítorí náà, ẹ má ṣe fojú kéré mílímítà kan tàbí méjì tí ẹ ń kọ sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Iye kékeré yẹn ló ń sọ ibi tí ìsinmi náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí.

Wàyí o, oṣù kẹsàn-án. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀, oòrùn máa ń dé àtàrí wa gan-an ní Ifẹ̀ àti Iléṣà, ní nǹkan bí aago kan ku ogún ìṣẹ́jú lọ́sàn-án. Òjìji ẹni á fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni. Agbègbè òjò ńlá tó ti lọ sí àríwá ti ń padà bọ̀. Ìkúùkù á máa ya, oòrùn á máa ráyè kan ilẹ̀ tí omi ti rin gbingbin, ọ̀rinrin á sì máa gòkè pẹ̀lú afẹ́fẹ́ gbígbóná. Lórí gbogbo èyí, ní nǹkan bí kìlómítà mẹ́ta sí mẹ́rin sókè, afẹ́fẹ́ líle kan wà tó ń fẹ́ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn ní gbogbo ìgbà òjò. Àárín rẹ̀ máa ń wà ní àríwá jíjìn ní oṣù kẹjọ. Láti oṣù kẹsàn-án ó ń sún bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Òun ni ó ń darí ìjì.

Ẹ kíyè sí ìyẹn dáadáa, nítorí pé ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ ń rí nínú ìwé yín wà nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ẹ ń mọ̀ lára nísàlẹ̀ ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá, ṣùgbọ́n ìjì ńlá ń ti ìlà-oòrùn bọ̀, òdìkejì pátápátá. Àríwá ìlà-oòrùn Ifẹ̀ ni Iléṣà wà, bíi kìlómítà 25 tí a bá fà á tààrà. Ìlà ìjì tó ń sáré ní nǹkan bíi kìlómítà 50 ní wákàtí kan á kọ́kọ́ dé Iléṣà, á sì máa tó nǹkan bí ìdajì wákàtí kó tó kan Ifẹ̀. Tí ẹ̀gbọ́n yín bá pè yín lórí fóònù pé afẹ́fẹ́ ti yí padà lójijì, pé páànù ti ń hó, ẹ ní àyè láti kó aṣọ, láti bo kòkó tàbí ẹ̀lùbọ́ tí ẹ sá, àti láti ti fèrèsé. Kò sí áàpù tó lè ṣe irú ìyẹn fún yín.

Díẹ̀ nínú àwọn ìlà ìjì yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án lórí ilẹ̀ gíga tó jìnnà réré sí wa, ní agbègbè Jọ́ọ̀sì tàbí lórí àwọn òkè ààlà Kamẹrúùnù, wọ́n á sì rin ìrìn ọ̀pọ̀ wákàtí kí wọ́n tó dé ilẹ̀ Yorùbá lóru tàbí kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn mìíràn máa ń dìde nítòsí lẹ́yìn tí ọ̀sán bá ti gbóná gan-an. Èyí ó wù kó jẹ́, bó ṣe máa ń dé kì í yàtọ̀ púpọ̀. Afẹ́fẹ́ gúúsù á kọ́kọ́ dákẹ́, ara á máa gbóná, ewé kò ní mì. Ní ìhà ìlà-oòrùn, ìkúùkù dúdú á gbé ara rẹ̀ kalẹ̀ bí ìlà tó tẹ̀ kọdọrọ. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀fúùfù tútù á ya láti iwájú rẹ̀ kí ẹ̀kán òjò kankan tó bọ́. Inú ìjì fúnra rẹ̀ ni ẹ̀fúùfù yìí ti wá: apá kan nínú òjò tó ń bọ̀ láti òkè máa ń gbẹ sínú afẹ́fẹ́ kó tó kanlẹ̀, gbígbẹ omi yẹn á mú afẹ́fẹ́ tutù, afẹ́fẹ́ tútù á wúwo, á já lulẹ̀, á sì tàn ká síwájú. Tẹmọ́mítà lè fi ìwọ̀n márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sọ̀kalẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀wàrà òjò, ogún ìṣẹ́jú tàbí ọgbọ̀n, pẹ̀lú àrá àti mànàmáná. Lẹ́yìn ọ̀wàrà, òjò jẹ́jẹ́ lè máa bá a lọ fún wákàtí kan tàbí méjì láti abẹ́ ìkúùkù tó tẹ́ sẹ́yìn ìjì.

Ìlà ìjì lè gùn ju ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ, síbẹ̀ agbára rẹ̀ kò dọ́gba lórí gígùn rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń fi ìgbálẹ̀ tó ti jẹ lápá kan gbá àgbàlá: ibì kan á mọ́ féfé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì wà bó ṣe wà. Àárín ibi tí ọ̀wàrà ti ń rọ̀ gan-an kì í sábà ju kìlómítà mélòó kan lọ ní fífẹ̀. Ó lè bá Ọjà Atakúnmọ́sà, kó gba ẹ̀gbẹ́ Òṣú kọjá, kó má sì fi ju etí aṣọ rẹ̀ lọ kan Lágéré. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó lè jẹ́ Mọdákẹ́kẹ́ ni yóò gba ti gbogbo yín. Òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀tá, ẹni eji rí ni eji ń pa. Nípa bẹ́ẹ̀, mílímítà 38 sí 5 yín kò yà mí lẹ́nu rárá, kò sì fi hàn pé òjò fẹ́ràn ibì kankan.

Ṣùgbọ́n èmi kò fẹ́ da ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín nù pátápátá. Iléṣà súnmọ́ àwọn òkè gíga tó nà lọ sí Ẹ̀fọ̀n Alààyè, àwọn òkè kan náà tí omi Olúmirìn ti ń já wálẹ̀ ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Afẹ́fẹ́ olómi tó ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn bọ̀ gbọ́dọ̀ gòkè nígbà tó bá kan irú òkè bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ tó bá sì gòkè á tutù, ọ̀rinrin inú rẹ̀ á di ìkúùkù. Ìyẹn lè ti ẹ̀yìn fún Iléṣà àti àwọn ìlú tó wà ní ẹsẹ̀ òkè. Ohun tí mo ń sọ ni pé òjò kan kò lè jẹ́rìí sí i, ìgbà òjò kan pàápàá kò tó. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ lágbàáyé ń lo àkọsílẹ̀ ọgbọ̀n ọdún láti sọ bí ibì kan ṣe rí, èyí tí wọ́n ń lò lọ́wọ́ báyìí sì jẹ́ ti 1991 sí 2020. Ẹ̀yin lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àròpọ̀ oṣù: ẹ ro gbogbo oṣù kẹsàn-án pọ̀, ẹ ro oṣù kẹwàá pọ̀ títí dé àrọ̀kúrọ̀, kí ẹ tó fi wéra. Iye yín á súnmọ́ra ju bí ẹ ṣe rò lọ, nítorí pé ohun tí ìjì kan fi dù yín, òmíràn lè fi san án.

Ní ti òtútù, ẹ̀gbọ́n yín jàre, ṣùgbọ́n kò tó ìwọ̀n mẹ́ta. Iléṣà fi nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà ga ju Ilé-Ifẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ sì máa ń fi nǹkan bí ìwọ̀n 6.5 tutù fún ẹgbẹ̀rún mítà kọ̀ọ̀kan tí a bá gòkè. Ìyẹn fún Iléṣà ní àǹfààní tó fi díẹ̀ ju ìdajì ìwọ̀n kan lọ. Èyí tó ṣẹ́kù nínú mẹ́ta yẹn gbọ́dọ̀ ti ibòmíràn wá. Tí ẹ bá ń ka tẹmọ́mítà ní ìrọ̀lẹ́ oṣù kẹsàn-án, ó lè jẹ́ pé ẹ̀fúùfù tútù ìjì ti kọjá lórí Iléṣà nígbà tí ooru ọ̀sán ṣì wà lórí Ifẹ̀. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ òótọ́, ti ìjì ni, kì í ṣe ti ìlú. Bí kò bá sí ìjì lọ́jọ́ náà, ibi tí ẹ fi tẹmọ́mítà kọ́ ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Ògiri búlọ́ọ̀kù tí oòrùn ti ń pa láti àárọ̀, abẹ́ páànù, ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, gbogbo wọn ń fi ooru tiwọn kún un. Inú ibòji tí afẹ́fẹ́ ń ráyè gbà kọjá ló yẹ kó wà, ó kéré tán mítà kan àti ìdá mẹ́rin sókè láti ilẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ ju mítà méjì lọ. Ọ̀nà tó dára jù láti parí àríyànjiyàn yìí ni kí ẹ gbé tẹmọ́mítà méjèèjì sójú kan ní ilé kan fún ọjọ́ díẹ̀. Bí wọn kò bá ka iye kan náà níbẹ̀, ẹ ti mọ iye tí ẹ gbọ́dọ̀ yọ kúrò.

Òṣùwọ̀n òjò náà ní ìlànà tirẹ̀. Ohunkóhun tó bá ga nítòsí rẹ̀, ìbáà ṣe igi tàbí òrùlé, ó yẹ kó jìnnà sí i tó ìlọ́po méjì gíga nǹkan ọ̀hún. Mílímítà kan jẹ́ lítà kan lórí mítà onígun mẹ́rin kan, nítorí náà mílímítà 38 ẹ̀gbọ́n yín lórí òrùlé tó fẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún mítà onígun mẹ́rin jẹ́ 3,800 lítà omi. Ẹ lè fi ìyẹn wo bí kòtò ọ̀nà ṣe yára kún. Wákàtí kan náà ni kí ẹ máa kà á láràárọ̀, kí ẹ sì fẹnu kò lórí ọjọ́ tí ẹ ó kọ òjò òru sí, nítorí pé òjò aago mọ́kànlá alẹ́ tí ẹnì kan kọ sí ọjọ́ Ajé, tí ẹnì kejì kọ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, á dà bí òjò méjì. Ẹ má ṣe jáde lọ wò ó nígbà tí àrá bá ń sán. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta láàárín mànàmáná àti ìró àrá dúró fún kìlómítà kan, ṣùgbọ́n mànàmáná lè na ọwọ́ dé ibi tó ju kìlómítà mẹ́wàá lọ síbi tí òjò wà. Ẹ dúró kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọjá lẹ́yìn èyí tó sán kẹ́yìn.

Iye tí áàpù fóònù ń gbé wá kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni wọ̀n ní Lágéré tàbí ní Iléṣà. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣírò rẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ onígun mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fẹ̀ tó ọ̀pọ̀ kìlómítà, ọ̀wàrà ìjì sì lè rọ̀ tán nínú ọ̀kan kí ó má tilẹ̀ hàn. Ẹ má fi dípò òṣùwọ̀n yín.

Ohun tí ìwé yín ṣì kù tí mo fẹ́ kí ẹ fi kún un ni aago tí òjò bẹ̀rẹ̀ ní ilé kọ̀ọ̀kan, ìhà tí ẹ̀fúùfù ti wá, àti bóyá àrá sán. Pẹ̀lú mẹ́ta yìí, ẹ ó lè ya òjò ìkúùkù títẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára òjò ìjì, ẹ ó sì lè ṣírò bí ìjì kọ̀ọ̀kan ṣe yára tó láti Iléṣà dé Ifẹ̀. Bí ẹ bá tún ní ojúlùmọ̀ kan ní Òṣú, tó wà lójú ọ̀nà láàárín yín, ẹ bá a wá òṣùwọ̀n kẹta. Nígbà tí Iléṣà bá gba 38 tí Ifẹ̀ sì gba 5, iye tí Òṣú bá kọ ni yóò sọ fún wa bóyá ìjì náà rẹ̀ lójú ọ̀nà ni, tàbí ó gba ibòmíràn lọ.